"Mai" Tí Wọ́n Gé Kúrò Lẹ́nu Rīpeka

Ogójì ọdún ni ẹ̀gbọ́n mi Rīpeka fi ké sí àlejò wọ marae wa, àgbàlá ìpàdé ìdílé wa. Bí àlejò bá dé ẹnu géètì, kò gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀ àfi tí obìnrin olóhùn bá pè é pé, "Haere mai!" Ìyẹn ni pé, máa bọ̀. Bó bá jẹ́ òkú là ń sìn, "haere" lásán la máa ń ké sí i: máa lọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta nílé wa mọ ìyàtọ̀ yẹn.

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni. Ó ti se oúnjẹ nílé ìwé títí ó fi fẹ̀yìn tì, òun náà ló sì ń tọ́ Maraea, ọmọ-ọmọ rẹ̀, nítorí ìyá ọmọ náà ń ṣiṣẹ́ ní Ọsirélíà. Ọmọ ọdún méje ni Maraea. Ojú Rīpeka kì í kúrò lára rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn tó ń ya eré tẹlifíṣọ̀n dé sí àfonífojì wa. Eré ọba, àjẹ́ àti ejò abìyẹ́ tó ń yọná lẹ́nu ni. Wọ́n mú Maraea pé kó ṣe ọmọ ọba, wọ́n sì ń wá àgbà obìnrin tí yóò ké sí i wọ ààfin. Rīpeka kọ̀.

"Mereana, ohùn yìí kì í ṣe ohùn eré."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ káyé gbọ́ wa. Àbí ẹ fẹ́ kí wọ́n lọ mú ẹni tí á máa ké bí ewúrẹ́?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbà. Èmi ni mo tì í.

Òtútù mú gan-an lọ́jọ́ náà. Ìgbà mọ́kànlá ni Rīpeka ké. Níkẹyìn, ọkùnrin tó ń gba ohùn sílẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun gé e sí méjì: kó ké "haere" lọ́tọ̀, kó ké "mai" lọ́tọ̀, àwọn á tò ó pọ̀ tó bá yá. A kì í gé ìpè. Ó mọ̀, èmi náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́, ebi ń pa á, wọ́n sì ti ń pè é ní Màmá Olóhùn Wúrà láti àárọ̀, orí rẹ̀ ti wú díẹ̀. Ó gé e fún wọn.

Nígbà tí eré náà jáde, gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú la fi ń pé jọ sílé oúnjẹ marae, pẹ̀lú búrẹ́dì díndín àti ẹja yíyan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni ìpín kìíní. Kí n má purọ́, ó dùn! Òkè tí àgùntàn Koro Hōne, bàbá arúgbó kan ládùúgbò wa, ti ń jẹko di ilé ejò abìyẹ́.

"Ẹ gbà mí!" Koro Hōne figbe ta. "Ṣáláńgá mi tó wà níbẹ̀ yẹn ńkọ́?"

"Ejò ti gbé e mì, Koro."

"Á jẹ́ pé inú á run ún nìyẹn."

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ ni ọmọ ọba dé. Géètì ààfin ṣí. Maraea dúró nínú aṣọ funfun, ó rẹwà débi pé omi bọ́ lójú mi. Ni ohùn Rīpeka bá jáde: "Haere... haere... haere..." Kò sí "mai" níbẹ̀ rárá. Ọmọ náà sì ń rìn lọ sínú kùrukùru.

Ìyá àgbà ń sìnkú ọmọ-ọmọ rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Maraea nìkan ló ń pàtẹ́wọ́.

"Nani, èmi nìyẹn! Ṣé ẹ rí mi?"

"Mo rí ẹ, ìyá mi." Rīpeka gbé àwo rẹ̀, ó wọ ilé ìdáná lọ.

Mo pe àwọn eléré náà lórí fóònù. Ọmọbìnrin kan ní "mai" yẹn ò bá orin abẹ́ rẹ̀ mu ni. Pé àwọn èèyàn fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an, ṣé Màmá á wá fún ìpín kejì? Mo bú u. Ojú tì mí lẹ́yìn náà, torí kì í ṣe òun ló ti Rīpeka síbẹ̀.

Láti ìgbà náà, Rīpeka ò ké mọ́. Bí àlejò bá dé, á ní ọ̀fun ń dun òun.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀bi wọn ni," ni mo wí.

"Ẹnu ta ló ti jáde? Ẹyin lohùn, Mereana. Èmi ni mo jù ú sílẹ̀."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ó mú Maraea lọ sẹ́yìn géètì.

"Dúró síbẹ̀. Má gbẹ́sẹ̀ títí màá fi pè ẹ́."

"Nani, ṣebí inú ilé la ti ń bọ̀?"

"O ò tíì wọlé."

Ó padà síwájú ilé ìpàdé, ó ké: "Haere mai!" Ó fa "mai" náà gùn títí èémí fi tán nínú rẹ̀. Maraea sáré wọlé, Rīpeka dì í mú, ó sunkún. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, èmi àti Rīpeka ń fọ abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àwọn ọmọdé ń ṣeré ọba àti ejò lẹ́nu géètì. Maraea dúró níwájú ilé ìpàdé, ó tẹ́ ọwọ́ bí ìyá àgbà rẹ̀, ó sì ń pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọlé pẹ̀lú ohùn gooro: "Haere! Haere! Haere!" Wọ́n ń wọlé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Rīpeka dáwọ́ dúró.

"Mai," ló wí jẹ́jẹ́ sórí omi ọṣẹ. "Mai."

Àwọn ọmọ náà ò gbọ́.