Tẹ̀tẹ̀ Ẹ̀yìnkùlé Wa ní Oldham

Onílé wa níbí, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní òun máa tẹ́ òkúta sí gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Òyìnbó àgbàlagbà ni, kì í pariwo, ṣùgbọ́n tó bá ti sọ̀rọ̀, ó parí. Ó ní èpò nìkan ló ń hù níbẹ̀, ó sì ti sú òun. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n gbin ẹ̀fọ́ sí i. Ó ní òun máa wá wò ó nígbà ooru. Tí òun ò bá rí nǹkan gidi, òkúta ni.

Inú bí mi. Ta ló ń tẹ́ òkúta sórí ilẹ̀ dúdú tó rọ̀ báyẹn? Nílé, wọ́n ń gbé ara wọn lọ sí kóòtù nítorí ilẹ̀ tí kò tó èyí.

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi, ṣé shift tí ò ń ṣe ní care home àwọn arúgbó ò tó ẹ ni? Wọ́n ń ta ẹ̀fọ́ ní shop."

"Èyí tó ti rọ ni wọ́n ń tà. Bá mi gbé shovel wá."

Mo hú èpò, mo kọ ebè, ebè gidi tó ga, bí èyí tí mo máa ń bá bàbá mi kọ lóko. Obìnrin aládùúgbò wa yọjú lórí ògiri, ó rọra béèrè bóyá ajá wa ló kú. Mo ní a ò lájá, ebè kì í ṣe sàréè, oúnjẹ la fẹ́ gbìn.

Oṣù kẹta la wà. Lọ́jọ́ kejì òjò rọ̀, oòrùn sì tẹ̀ lé e. Kí ni àgbẹ̀ tún ń dúró dè? Mo fọ́n irúgbìn tẹ̀tẹ̀ tí Màámi fi ránṣẹ́, ó kù díẹ̀ kó tán. Nígbà tó máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ìrì dídì ti bo ebè funfun. Nǹkan kan ò hù, àfi èpò onílé.

Mo pe Màámi lórí fóònù.

"Kí lo wò kó o tó gbìn ín?"

"Òjò ni, mà."

"Àbí ìwọ kọ́ lo ní òjò ibẹ̀ kì í dá? Kí ni irú òjò bẹ́ẹ̀ fẹ́ sọ fún ẹ?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí nítorí pé òótọ́ ni. Láti ìgbà náà, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń bọ́ bàtà, màá fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ebè. Tí ẹsẹ̀ mi bá sá fún òtútù ilẹ̀, mo padà wọlé. Aládùúgbò wa ń wò mí. Kó máa wò. Mo gbin irúgbìn tó kù sínú àwọn ike yógọ́ọ̀tì lójú fèrèsé kíṣìnì, ọkọ mi ò sì ríbi gbé ife tíì ẹ̀ sí mọ́. Nígbà tó yá, láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù karùn-ún, ẹsẹ̀ mi ò sá. Mo lọ́ àwọn ọmọ tẹ̀tẹ̀ tó ti hù nínú ike sórí ebè.

Nígbà tí onílé dé, tẹ̀tẹ̀ ti kan orúnkún mi. Ó wò ó títí. "Èpò náà mà nìyí."

Tẹ̀tẹ̀ tí kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́! Mi ò bá a jiyàn. Mo já a lójú ẹ̀, mo fi ẹja gbígbẹ sè é, mo gbé àwo fún un. Ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ẹnu, ó ní ó dùn. Ó wá ní òun ti bá àwọn òṣìṣẹ́ tó máa tẹ́ òkúta sọ̀rọ̀, wọ́n ń bọ̀ ní oṣù kẹwàá.

Ó dùn mí wọnú eegun. Ṣùgbọ́n mi ò bẹ̀ ẹ́ mọ́. Mo fi àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri sílẹ̀ títí wọ́n fi so, tí wọ́n gbẹ. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ ra wọ́n, mo fọ́n irúgbìn wọn síbi gbogbo: ìdí ògiri, ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, gbogbo kọ̀rọ̀ tí òkúta ò lè bò tán.

Wọ́n ti tẹ́ òkúta náà, ó mọ́ tónítóní. Ìgbà ìrúwé tún ti dé. Láràárọ̀ mo ṣì ń bọ́ bàtà, mo ń ti ọmọ ìka ẹsẹ̀ bọ àlàfo àárín òkúta. Ó ṣì tutù. Kó ṣáà gbóná ná.