Ẹnu Táńkì Tí Mo Dì

Nígbà tí irùngbọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lágbọ̀n mi ní ìlú Ìwó níbí, ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé mẹkáníìkì wọ ilé ọmọbìnrin tí ọkàn mi ń fẹ́. Kì í ṣe pé mo ránṣẹ́ pè é o. Ọ̀rá àti rọ́bà kẹ̀kẹ́ ni mo fi gbé e wọlé. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Tíṣà ni bàbá ọmọbìnrin náà, ògiri kan ló sì wà láàárín ilé wọn àti tiwa. Wọ́n ní ọkọ̀ kan tó ti dàgbà gan-an. Lọ́jọ́ kan, olè yọ ìdérí táńkì epo rẹ̀ lọ. Epo bẹntiróòlù sì wọ́n bí ojú nígbà náà, bàbá wá ń bẹ̀rù pé olè á padà wá fa èyí tó kù. Èmi tí mò ń wá ojú rere kiri, mo ní, "Bàbá, mo lè dì í." Mo ṣẹ́ ọ̀rá po, mo fi bo ẹnu táńkì, mo gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́, mo fi wé e títí eṣinṣin kò fi lè gbóòórùn epo níbẹ̀ mọ́. Bàbá fọwọ́ kàn án, wọ́n mirí, wọ́n ní mo gbọ́n. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn ni mo fi jẹun alẹ́.

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bí bàbá bá gbé e jáde, á sáré dáadáa títí á fi fẹ́ẹ̀ kúrò nílùú, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, á máa fà tìkọ̀tìkọ̀, á sì kú, a ó sì tì í padà wálé. Bàbá bá ránṣẹ́ sí mẹkáníìkì kan.

Ẹ wo ọkùnrin! Ó ga, ó dúdú, ó ń dán. Òróró ẹ́ńjìnnì tó wà lára ẹ̀wù rẹ̀ gan-an ń yẹ ẹ́. Bó bá ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á máa súfèé. Á yọ púlọ́ọ̀gì wò, á ní iná wà níbẹ̀, pé epo ni kì í dé ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì bó ṣe yẹ. Á ní, "Àbúrò, wò ó bóyá epo wà nínú táńkì." Èmi ni mo mọ bí mo ṣe dì í, èmi náà ni mo máa ń tú u. Màá ki igi bọ̀ ọ́, màá ní epo wà. Òun á fọ kabúrétọ̀ tó ń pín epo fún ẹ́ńjìnnì, á fi ẹnu fẹ́ ẹ, ọkọ̀ á sì dáhùn. Wọ́n á gbé oúnjẹ fún un ní pálọ̀, ọmọbìnrin yẹn á kúnlẹ̀ gbé omi fún un. Èmi á wà níta, màá máa tún táńkì dì, owú á sì jẹ́ kí n fà á le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àbí ẹ ò rí ìṣòro? Bí mo ṣe ń jowú ni mò ń fún rọ́bà. Bí mo ṣe ń fún rọ́bà ni ọkọ̀ ń kú. Bí ọkọ̀ ṣe ń kú ni ọ̀gbẹ́ni ń jẹran nínú ilé tí èmi kò tíì jẹ ju ẹ̀pà lọ. Ó pààrọ̀ asẹ́ epo, ó jẹran. Ó pààrọ̀ pọ́ǹpù, ó jẹran. Nígbà tó yá, ìyá ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ọmọ àwọn. Mo mọ̀ pé bí ọkọ̀ yẹn bá tún kú pẹ́nrẹ́n, èmi ni n óo máa bá wọn gbé àga níbi ìgbéyàwó.

Ó tún kú. Ọ̀nà Kuta ni, a ń lọ kí ìyá tó bí bàbá, wọ́n sì mú mi dání nítorí ẹnu táńkì. Mẹkáníìkì jókòó níwájú, ó ní òun fẹ́ fi etí ara òun gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì. Èmi wà lẹ́yìn pẹ̀lú ọmọbìnrin náà àti ìyá rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ iṣu há mi mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ wúkọ́, ó dákẹ́. Mẹkáníìkì bọ́ sílẹ̀, ó yọ páìpù epo níwájú pọ́ǹpù, ó ní kí bàbá yí ẹ́ńjìnnì. Epo kò tú jáde, àfi tó-tó-tó, bí omijé ẹni tí ọ̀fọ̀ kò kàn.

"Àbúrò, lọ tú ẹnu táńkì."

Mo débẹ̀, ọ̀rá ti wọnú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá arúgbó tí kò léyín. Eyín ni mo fi tú rọ́bà. Fìììì! Táńkì mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lódò. Bàbá tún yí ẹ́ńjìnnì, epo sì tú yàà lẹ́nu páìpù.

Mẹkáníìkì wo táńkì, ó wò mí. "Ta ló di èyí?"

Mo ti ń wo igbó, bóyá mo lè gba ibẹ̀ sá dé Ilé-Ogbó. Mo ní, "Èmi ni."

"Ìwọ! O dì í pa! Ibo ni o fẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbà wọlé? Bí afẹ́fẹ́ ò bá wọlé, báwo lepo ṣe máa jáde? Èmi wá ń fẹ́ kabúrétọ̀ bí ẹni ń fẹ́ná!"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. "Ẹ wá wo ọmọ tó ń fún ọkọ̀ mi lọ́rùn!"

Lónìí, ẹ̀rọ kékeré kan ni wọ́n ń ki bọ ọkọ̀ tiyín, á sì ka àrùn ara rẹ̀ jáde. Kò sẹ́ni tó ń jẹran mọ́ nítorí kabúrétọ̀. Ọ̀dọ́ pàápàá kì í dúró síta ilé ẹnikẹ́ni. Orí fóònù ni wọ́n ti ń fẹ́ra, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kọra. Ó yá ju tiwa lọ, n ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè mọ bó ṣe rí lára mi lọ́nà Kuta lọ́jọ́ náà, nígbà tí mẹkáníìkì fi ìṣó lu ọ̀rá níhò, tó nu ọwọ́, tó kọjú sí ọmọbìnrin náà, tó ní láti ọ̀la lọ òun á máa yà láràárọ̀ wá wo bí ọkọ̀ ṣe ń ṣe.

Ọmọbìnrin náà kò tilẹ̀ dìde lórí ìjókòó. Ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu mọ́, bùọ̀dá. Ọkọ̀ bàbá mi la pè yín sí, ó sì ti dáa. Eléyìí tí owú fẹ́ pa, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi."