Síìpù Tó Kọjú Sí Ọ̀tún

Òórùn àbẹ́là ló kọ́kọ́ máa ń dé bá mi tí mo bá rántí ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi yẹn. Kì í ṣe àbẹ́là tó ń jó o. Àbẹ́là funfun tútù, tí èèyàn ń fi ra nǹkan títí tí ẹ̀rún rẹ̀ á fi máa bọ́ sórí itan. Ìgbà tí a ṣì ń lọ pe fóònù lọ́dọ̀ àwọn tó jókòó sábẹ́ agboòrùn ni mò ń wí, ní Kétu, nínú yàrá kan ṣoṣo tí gbogbo wa ń gbé. Mummy wa jókòó sórí àpótí, ó gbé àpò obìnrin pupa kan lé ẹsẹ̀, ó ń fi àbẹ́là ra eyín síìpù rẹ̀. Àpò náà kì í ṣe tiwa, ó sì ti bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ẹja gbígbẹ àti irú ni Mummy ń tà lọ́jà. Àpò kan ṣoṣo tó ní ti gba òórùn irú débi pé tó bá gbé e kọ́ èjìká, ológbò àdúgbò á máa tẹ̀ lé e. Daddy a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìyá Táyọ̀, kò dìgbà tó o bá kí wa ká tó mọ̀ pé o ti dé." Lọ́dún yẹn, ṣọ́ọ̀ṣì ní kó wá ka Bíbélì lọ́jọ́ ìdúpẹ́ àwọn ìyá. Obìnrin tó jẹ́ pé ìwé mẹ́fà péré ló kà! Tọ̀sán-tòru ló ń kà á. Tí kò bá sí oníbàárà lọ́rùn, á máa kà á sí ẹja létí. Ó wá ní òun ò lè gbé òórùn irú gun orí pẹpẹ, ló bá lọ yá àpò lọ́wọ́ Aunty Rónkẹ́.

Aunty Rónkẹ́ ló ń gbé fúláàtì iwájú nínú kọ́ńpáùn wa. Ọ́fíìsì kan ní Ọjọ́tà ló ti ń ṣiṣẹ́, kò tíì lọ́kọ nígbà náà, ó sì kéré sí Mummy bí àbúrò àbíkẹ́yìn. Àpò rẹ̀ rẹwà. Ó ní òdòdó aláwọ̀ wúrà kan níwájú, inú rẹ̀ ń ta sánsán. Yíyá nǹkan kì í bá Mummy lára mu rárá. Òun ló máa ń sọ fún wa pé, "Ẹ̀wù àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ èèyàn, bí kò fúnni lápá, á fúnni lọ́rùn." Tó bá wá di dandan kó yá nǹkan, ìkòkò tó bá yá á mọ́ ju bó ṣe gbà á lọ kó tó dá a padà. Gbogbo kọ́ńpáùn ló mọ̀ ọ́n mọ́ ìyẹn. A ò lówó, a ò ní tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè ní Ìyá Táyọ̀ ba nǹkan òun jẹ́. Orúkọ yẹn ni gbogbo dúkìá wa.

Ó ka Bíbélì náà, kò kọsẹ̀. Àwọn ìyá pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n fi ìnura tuntun ta á lọ́rẹ. Ayọ̀ yẹn ló fi ki Bíbélì, ìwé orin àti ìnura bọ inú àpò ẹni ẹlẹ́ni, tó fipá fa síìpù pa. A ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni síìpù là láti ẹ̀yìn, tí orí rẹ̀ tí à ń fà dúró síwájú, tí eyín rẹ̀ sì ṣí yà sílẹ̀. Mummy wò ó. Lẹ́yìn náà ló wá sọ jẹ́jẹ́ pé, "Táyọ̀, lọ ti ilẹ̀kùn."

Ṣúmékà tó máa ń gbé àpótí rẹ̀ kiri àdúgbò kì í wá lọ́jọ́ Ìsinmi. Ká tiẹ̀ ní ó wá, ojúde ló máa jókòó sí, gbogbo ayé á sì rí ohun tó ń rán. Àwa fúnra wa la máa tún un ṣe. Mummy mú pláyà tí Daddy fi ń bá àwọn èèyàn tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, ó mú abẹ, abẹ́rẹ́ àti òwú pupa. Ó fi abẹ tú òwú ìdí síìpù ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì fa orí síìpù náà yọ. Ó fi hàn mí pé ikùn rẹ̀ ti là jù, ìdí nìyẹn tí kò fi di eyín mú mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ló fi pláyà tẹ̀ ẹ́, nítorí téèyàn bá tẹ̀ ẹ́ jù, kò ní rìn mọ́. Ìka tèmi ló kéré, èmi ló ní kí n ki eyín ọ̀tún àti tòsì bọ orí náà padà. Ó já bọ́, mo tún kì í. Nígbà tó wọlé tí mo fà á, tó sì pa mọ́ra geere, Mummy rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sán yẹn. Ó pè mí ní ẹnjiníà rẹ̀. Ó rán ìdí rẹ̀ padà, ẹ ò ní mọ̀ pé ẹnì kankan fọwọ́ kàn án.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó wé àpò náà sínú ọ̀rá mímọ́, ó ní kí n lọ dá a padà. Ó ń ṣa ẹja bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀. "Sọ pé mo dúpẹ́. Tí wọn ò bá bi ọ́ ní nǹkan kan, má sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá bi ọ́, ìwọ ò mọ nǹkan kan." Ẹnu yà mí, nítorí irọ́ wà lára ohun tó máa ń nà wá sí jù. Kò wojú mi.

Iwájú fúláàtì ni mo bá Aunty Rónkẹ́, ó jókòó sílẹ̀, Ìyá Sáídì tó ń ta àlùbọ́sà ní Mile 12 ń dirun fún un. Mo kúnlẹ̀, mo jíṣẹ́. Inú rẹ̀ dùn, ó bi mí bóyá Mummy kà á dáadáa, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ma. Ó wá na ọwọ́ òsì sí igun àpò náà láìwò ó. Ọlọ́wọ́ òsì ni Aunty Rónkẹ́, ó sì pẹ́ tó ti ń lo àpò yẹn. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ibi tí orí síìpù máa ń wà tó bá wà ní pípa. Ó fọwọ́ wá a níbẹ̀, kò bá nǹkan kan. Ó wá wò ó. Igun ọ̀tún ni orí síìpù náà jókòó sí.

Òdì ni mo kọjú rẹ̀ sí nígbà tí mo ń ki eyín bọ̀ ọ́. Èmi àti Mummy, ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni àwa méjèèjì, kò sẹ́ni tó kíyè sí i.

Ìyá Sáídì yọjú wo àpò náà, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ah! Síìpù yín ti lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ilé o. Ó ti di ọlọ́wọ́ ọ̀tún!" Àwọn tó ń pọnmi nídìí ẹ̀rọ náà rẹ́rìn-ín. Aunty Rónkẹ́ ò rẹ́rìn-ín. Ó bojú wò mí, kò bínú, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. "Táyọ̀, ta ló tú síìpù yìí?"

Mo la ẹnu. Kí ọ̀rọ̀ tó jáde, mo gbọ́ ohùn Mummy lẹ́yìn mi. "Rónkẹ́, èmi ni." Ó ti jáde, ẹja ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Èmi ni mo bà á jẹ́, èmi ni mo tún un ṣe. Jọ̀ọ́, má bi ọmọ mi mọ́, èmi ni mo ní kó má sọ." Ó sì fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ sórí kọnkéré, níwájú ọmọ tó kéré sí i bí àbúrò, níṣojú Ìyá Sáídì àti gbogbo àwọn tó ń pọnmi.

Aunty Rónkẹ́ fò dìde, ìlàjì irun rẹ̀ dì, ìlàjì tú, òun náà kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Mummy Táyọ̀, ẹ dìde! Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n bú mi ni? Nítorí síìpù lásán-làsàn?" Mummy ò tètè dìde. Ó gba àpò náà padà, ó ní òun máa tú u, òun á sì yí i sí òsì bó ṣe wà. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, láìpe ẹnjiníà kankan.

Ojú tì mí débi pé mi ò lè jáde. Bí Sáídì bá ti rí mi nídìí ẹ̀rọ, á kúnlẹ̀, á máa pariwo pé "Rónkẹ́, èmi ni!" Mo wá ń lọ pọnmi ní òpópónà kejì. Kì í ṣe Sáídì ni mò ń bínú sí, Mummy ni. Ká ló dúró sínú yàrá, ìṣẹ́jú kan ni ì bá gbà mí láti sọ pé mi ò mọ̀, ọ̀rọ̀ á sì tán. Lọ́jọ́ kan mo kó ìgboyà jọ. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n sọ pé mi ò mọ̀?"

Kò nà mí. Ó ní, "Mo rí ẹnu rẹ bó ṣe ń ṣí. Orúnkún tó kanlẹ̀, mo ti fọ̀ ọ́. Irọ́ tí mo bá fi sí ọ lẹ́nu, omi wo ni mo fẹ́ fi fọ̀ ọ́?" Ọ̀rọ̀ yẹn ò wọ̀ mí létí nígbà náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìyá mi kúnlẹ̀ fún ọmọdé.

Mo ti dàgbà báyìí ju bí Mummy ṣe dàgbà tó lọ́jọ́ yẹn. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní Ìkòsí, àwọn ọmọbìnrin ń bá mi ṣiṣẹ́. Láìpẹ́ yìí ni mo fi ẹ̀sùn olè kan ọ̀kan nínú wọn níwájú oníbàárà, nítorí sísọ́ọ̀sì ìgéṣọ tuntun kan tí mi ò rí. Kò ju wákàtí kan lọ tí mo bá a nísàlẹ̀ àpótí ìjókòó mi. Ọmọ náà dúró, ó ń sunkún. Mo ní, "Ó ti tó, máa bá iṣẹ́ rẹ lọ." Ẹnu mi ò gbà mí láyè láti sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ká má tiẹ̀ wá sọ ti orúnkún. Ọmọ tèmi náà wà níbẹ̀, ó ti wọ ọdún kẹwàá. Ó wo ọmọbìnrin náà, ó sì yíjú wò mí, ó ń retí ohun tí màá ṣe, èmi sì dúró ṣánṣán lórí ẹsẹ̀ mi méjèèjì.