Ife Ọ̀gá Oorun

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, Feleti Moala ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó jẹ ẹran tí Seini ìyàwó rẹ̀ fi ewé kókò sè, ó nà sórí ẹní bí gbogbo àwa ará Tonga ṣe máa ń ṣe lọ́jọ́ náà. Kò jí mọ́. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé àìsàn ọkàn ló pa á. Ṣé ọkàn nìkan?

Ogún ọdún la fi jọ ká èso àjàrà nílẹ̀ àjèjì níbí, létí odò Murray. Ọdún kan náà ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún wa, a sì jọ lọ sí kíláàsì tí ilé ìwòsàn ṣètò kí ara wa lè bọ̀ sípò. Bí ẹ̀rù bá ń ba ẹnikẹ́ni láti gun kẹ̀kẹ́ ìdárayá, Feleti á ní, "Gùn ún jàre, kò kúkú lọ síbì kankan."

Bí a bá ṣe tán, wọ́n á ní ká sùn sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ká fara balẹ̀. Kíá, Feleti ti ń hanrun. Á dákẹ́ lójijì, èémí á dúró, á tún mí kanlẹ̀ bí ẹni tó yọ lábẹ́ omi. A máa ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ ìparí, Bronwyn, nọ́ọ̀sì wa, fún un ní ife tí wọ́n kọ "Ọ̀gá Oorun" sí lára. A pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, ojú ń tì mí báyìí.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Seini lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn. "Èémí rẹ̀ máa ń dúró. Mo máa ń kà á dé ogún kó tó mí."

Ẹnì kan nínú wọn ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọkùnrin wo ni kì í hanrun?"

Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Feleti ni wọ́n fún ní ìwé pé kó kọ bó ṣe ń sùn. Ó kọ pé òun ń sùn dáadáa. Ta ló ń rí ara rẹ̀ lójú oorun? Ẹni tó ń rí i, ìta ni wọ́n ní kó jókòó sí, torí aláìsàn nìkan ló ń wọlé. Bẹ́ẹ̀, ìwé ńlá kan wà lára ògiri kíláàsì, lókè orí Feleti gan-an, pé èémí tó ń dúró lójú oorun wọ́pọ̀ láàárín àwa tó ní àìsàn ọkàn, pé ó léwu, pé ẹ̀rọ wà fún un.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Seini gbé ife náà padà síwájú Bronwyn. "Ẹ gbà. Ẹ sọ fún mi, kí lẹ torí ẹ̀ fún un?" Bronwyn sunkún. Mo gbà pé ó dùn ún, ṣùgbọ́n ẹkún kì í ṣe èsì.

Ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Feleti sùn, a ò jí i. Àwọn apirọrọ wà nínú ọ́fíìsì òkè. Kí ọ̀gá ilé ìwòsàn wá jókòó níwájú Seini, kó dárúkọ ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí kò kọ ọ́ sílẹ̀.

Kíláàsì tuntun máa bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Àwọn ìyàwó á tún jókòó síta. Ẹ pè wọ́n wọlé.