Omi Tó Ń Kán Sórí Ẹní Ìkírun Àlàájà

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ẹ̀gbẹ́dá, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni àwọn òbí mi háyà, yàrá kan àti pálọ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà sílé onílé, ẹ mọ̀ pé ilé kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Nílé tiwa, a kò gbọ́dọ̀ gún iyán lókè, a kò gbọ́dọ̀ sáré, a kò sì gbọ́dọ̀ gbé dúrọ́ọ̀mù omi wọlé, kí ó má baà wúwo jù fún dẹ́kìn tó wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀. Àlàájà onílé wa, ìyá ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ ní Ìkòtún, ló ṣe òfin náà, abẹ́ wa gan-an ló sì ń gbé. Bí ṣíbí bá já bọ́ lọ́wọ́ wa lókè, ẹ ó gbọ́ ohùn rẹ̀ nísàlẹ̀ pé, "Ta nìyẹn?"

Dádì wa kì í rú òfin ẹnikẹ́ni. Akọ̀wé ni ní iléeṣẹ́ kan, ó sì máa ń tẹ̀ lé ìlànà débi pé ó ń sú èèyàn. Àfi ìgbà tí ọ̀gá rẹ̀ kan ń kó lọ sí ìlú mìíràn, tó wá fún un ní àpótí onígíláàsì tí wọ́n ń sin ẹja sí. Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ tí Àlàájà lọ kírun ni Dádì gbé e gòkè, ó fi aṣọ bò ó bí ẹni pé tẹlifíṣọ̀n tuntun ni. Ó pọn omi sí i títí, kò kún bọ̀rọ̀.

Mọ́mì wò ó, ó ní, "Bàbá Rónkẹ́, ṣé èyí kì í ṣe dúrọ́ọ̀mù báyìí?"

Dádì ní, "Dúrọ́ọ̀mù kọ́ jàre. Gíláàsì ni."

Ká sòótọ́, àwọn ẹja náà wù mí. Wọ́n pupa fòò, ìrù wọn gùn, wọ́n sì máa ń rìn jẹ́jẹ́ bí ìyàwó tuntun. Ẹ̀rọ kékeré kan wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà tó ń gba inú rọ́bà tín-ín-rín fẹ́ atẹ́gùn sínú omi. Bí iná bá wà lálẹ́, Dádì á jókòó síwájú wọn pẹ̀lú ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá lọ́wọ́, á gbàgbé pé ìròyìn ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ṣùgbọ́n Sátidé ni ẹ máa mọ̀ pé iṣẹ́ wà. Ọjọ́ yẹn ni Dádì máa ń pààrọ̀ omi. Á ki rọ́bà gígùn bọ inú àpótí, á fẹnu fa orí kejì títí omi ẹja á fi kún un lẹ́nu, á tutọ́, á wá ju orí rọ́bà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Rọ́bà náà kì í gbọ́ràn. Bó bá ti fò jáde báyìí, gbogbo pálọ̀ ti di odò nìyẹn. Kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà la tẹ́ sílẹ̀, kò sì lè fa omi mu, ńṣe ni omi máa ń yọ́ wọ abẹ́ rẹ̀. Mọ́mì ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é: kọ́kọ́ ká ògbólógbòó ìró, fi dínà omi kó má baà dé ẹ̀gbẹ́ ògiri, lẹ́yìn náà, fi ègé fóòmù fa omi, kí o fún un sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà, ká etí kápẹ́ẹ̀tì sókè, fi agolo mílíìkì tì í kí afẹ́fẹ́ lè wọ abẹ́ rẹ̀. Tí mi ò bá ṣe é dáadáa, tó bá di ọjọ́ Ajé, ilé á máa rùn bí ìbọ̀sẹ̀ tútù, èmi náà á sì wà lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ mi méjèèjì lókè.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni wàhálà dé. Ní àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ kan, Àlàájà ń kí ìrun àsùbáà lọ́wọ́, ni omi bá kán sórí ẹní ìkírun rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí i pé àjà ti rin. Ó jáde sí àárín ọgbà, ó figbe ta:

"Ìyá Rónkẹ́! Ọmọ yín ti tọ̀ sí mi lórí o!"

Gbogbo ilé ló gbọ́. Àbúrò mi, Dáre, tó jẹ́ ọmọ ọdún méje, ló ń sùn sórí fóòmù ní pálọ̀, ó sì máa ń tọ̀ọ́lé lóòótọ́. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó ṣiyèméjì. Òun fúnra rẹ̀ pàápàá gbà bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí omi bá ti kán, Àlàájà á fọ ẹní, á tún àlùwàlá ṣe, á tún ìrun kí, á sì bá Mọ́mì jà. Àwọn ọmọ ilé ò pe Dáre lórúkọ mọ́. "Atọ̀ọ́lé!" ni wọ́n ń pè é nídìí ẹ̀rọ omi. Ọmọ náà ò mu omi mọ́ bó bá ti ti ilé ìwé dé. Gàrí gbígbẹ ló ń jẹ, tí gbogbo wa ń rẹ tiwa. Ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fọwọ́ kan ṣòkòtò rẹ̀, ó fọwọ́ kan fóòmù, ó wá sún mọ́ mi.

"Àǹtí Rónkẹ́, ara mi gbẹ. Ibo ni mo ń gbà tọ̀ ọ́?"

Bí mo ti ń kọ ọ́ yìí, ó ṣì ń dùn mí.

Nígbà tó yá, Àlàájà ní òun ò lè fara dà á mọ́. Ó ní láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, kí Dáre máa sùn ní kọ́rídọ̀ ìsàlẹ̀, lórí sìmẹ́ńtì, níbi tí ìtọ̀ ti lè ṣàn lọ. Mọ́mì sunkún. Ó ní kí Dáre lọ lo òpin ọ̀sẹ̀ náà lọ́dọ̀ àbúrò òun ní Dópẹ́mú, kí ara tù ú díẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé, iná ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ tán ni a gbọ́ ohùn Àlàájà: "Ó tún ti ṣe é o!"

Dádì tan tọ́ọ̀ṣì wọ pálọ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí fóòmù. Ó kúnlẹ̀, ó ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, ilẹ̀ rin gbindin. Ó ń fi tọ́ọ̀ṣì tọpa omi náà títí tó fi dé ìdí ẹ̀rọ atẹ́gùn. Bí iná bá ti lọ, tí ẹ̀rọ náà ò fẹ́ atẹ́gùn mọ́, omi àpótí á gba inú rọ́bà tín-ín-rín yẹn padà wá sílẹ̀. Láfẹ̀mọ́jú ni wọ́n sì sábà máa ń mú iná ládùúgbò wa. Dádì gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀, òórùn ẹja ni.

Ó rọra sọ fún Mọ́mì pé, "Tí mo bá gbé ẹ̀rọ yìí sórí àga, kò ní kán mọ́. Wọ́n á kàn rò pé Dáre ti jáwọ́ ni."

Mọ́mì kẹ̀yìn sí i. Ó wọ yàrá lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ Àìkú tí Dáre dé, gbogbo ilé wà nídìí ẹ̀rọ omi, wọ́n ń pọn omi. Dádì bu ẹja kan sínú abọ́, ó fa Dáre lọ́wọ́, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Èmi àti Mọ́mì tẹ̀ lé wọn. Dádì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Àlàájà, tòun ti ṣòkòtò ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó sọ̀rọ̀ kí ẹni tó wà lójú títì lè gbọ́.

"Àlàájà, ẹ má bínú. Ọmọ mi kọ́ ló ń tọ̀ sí yín lórí. Ẹja mi ni. Èmi ni mo gbé e wọlé, mi ò gba àṣẹ lọ́wọ́ yín."

Àlàájà wo inú abọ́, ó wo Dádì. "Ẹja? Ẹja ni mo ti ń torí ẹ̀ fọ ẹní látọjọ́ yìí? Omi ẹja tí kì í ba ìrun jẹ́!"

"Ẹja ni mà."

Ó pòṣé, ó sì tún rẹ́rìn-ín. Ó fa Dáre mọ́ra, ó wá kọjú sí àwọn ọmọ tó ń pọn omi. "Ṣé ẹ gbọ́ o? Kì í ṣe òun. Ẹni tó bá tún pe ọmọ yìí ní atọ̀ọ́lé, èmi ló máa bá jà. Ẹ̀yin náà, Bàbá Rónkẹ́, àpótí yẹn ò gbọ́dọ̀ sùn lókè lónìí."

Kò sì sùn níbẹ̀. Dádì gbé e fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ìgándò, ó sì pẹ́ kó tó lè jẹ ẹ̀bà rẹ̀ láìwo ògiri tó ṣófo yẹn. Dáre mu omi títí inú rẹ̀ fi le. Ẹ jẹ́ n má parọ́ fún yín: ó tọ̀ọ́lé lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n fóòmù fà á mu, kò kán dé ìsàlẹ̀.

Ayọ̀bọ̀ ni mò ń gbé báyìí, táìlì ni ilẹ̀ ilé mi, àwọn ọmọ mi ò mọ fífi fóòmù fa omi. A kì í pariwo lé ara wa lórí bíi ti ìgbà yẹn. Orí fóònù la ti ń ṣe gbogbo rẹ̀. Láìpẹ́ yìí ni aládùúgbò wa kan kọ ọ́ sójú òpó tí gbogbo ará àdúgbò ń kà pé ọmọkùnrin mi ló gbá bọ́ọ̀lù fọ́ díńgí ọkọ̀ òun. Nígbà tó yá, ó rí i pé ọmọ tòun ni. Ó tẹ ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí èmi nìkan: "Ẹ má bínú, mà." Mo dá a lóhùn pé kò sí wàhálà, mo sì gbé fóònù sílẹ̀.

Ọmọ mi bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé wọ́n ti sọ fún gbogbo èèyàn pé èmi kọ́?"

Mo wo ojú rẹ̀. Mo wá sílípáàsì mi, mo wọ̀ ọ́, mo sì dì í lọ́wọ́ mú, ó di ẹnu ọ̀nà aládùúgbò wa yẹn.