Kọ́ìlì Kẹ̀kẹ́ fún Ààrò Màmá

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ Àǹtí Làtífátù fún yín, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, torí inú mi ń dùn, Fathiat ti sùn lẹ́yìn mi, ẹnu mi ò sì lè dúró lásán. Sókótó níbí ni wọ́n bí Àǹtí sí, ní Runjin Sambo, àmọ́ tí inú bá bí wọn, Ògbómọ̀ṣọ́ pọ́ńbélé ló ń jáde. Réwáyà niṣẹ́ wọn. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: obìnrin tó wọ híjáàbù, tó ń tún wáyà kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ṣe lẹ́bàá Sama Road! Ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn ni. Nígbà tí bàbá kú, àwọn awakọ̀ ní àwọn ò lè gbé kẹ̀kẹ́ fún obìnrin. Kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kú sí wọn lọ́wọ́ nínú oòrùn, ni wọ́n bá rọra padà wá. Báyìí, "Hajiya mai waya", Hajiya oníwáyà, ni gbogbo wọn ń pe Àǹtí, bẹ́ẹ̀ Àǹtí ò tíì dé Mẹ́kà rí.

Ọ̀dọ̀ Màmá lọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ìyá ọkọ mi, tí àwọn oníbàárà ń pè ní Alhaja Àgbékẹ́. Ẹ̀yìnkùlé wa ni wọ́n ti ń yan búrẹ́dì nínú ààrò onígáàsì ńlá kan. Ìṣáná ni wọ́n fi ń tan án, ojú wọn sì ti ń ṣe bàìbàì. Lọ́jọ́ kan, gáàsì ti kún inú ààrò kí wọ́n tó rí ìṣáná ṣá. Búùù! Iná fò síta, ó jó wọn lápá. A ní kí wọ́n fi ààrò sílẹ̀ fún wa.

"Kí n wá jókòó máa ka eṣinṣin, àbí?" Màmá ló sọ bẹ́ẹ̀.

Àǹtí wo apá yẹn títí. "Màmá, màá ṣe ohun tó máa ta iná pàrà nínú ààrò, ẹ̀yin á kàn dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ ó tẹ bọ́tìnì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tan án kí n tó ṣe é tán."

"Kò burú. Àmọ́ tí ilẹ̀ ọ̀la bá fi ṣú, màá ṣá ìṣáná mi."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Àǹtí lọ ra kọ́ìlì kẹ̀kẹ́. Wọ́n ní òun ló máa ń sọ iná bátìrì kékeré di èyí tó ń fò. Ṣùgbọ́n Ibraheem ọkọ mi, tó ń kó búrẹ́dì lọ Wamakko, kò gbà.

"Kọ́ìlì kẹ̀kẹ́? Ìyẹn ò lè jó òwú!"

Ó gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta gwanjo, ìyẹn ọjà tí wọ́n ti lò, lọ, ó ra ìfun máíkírówéfù àlòkù: irin wúwo kan tí wọ́n wé wáyà mọ́, àti agolo pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní kàpásítọ̀, tó máa ń gba iná pamọ́ sínú. Kí Àǹtí tó dé, ó ti so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀. Ó dún jàù! Ìmọ́lẹ̀ funfun bẹ́ lójú mi.

"Ìyá Fathiat, o rí nǹkan? Èyí lọkùnrin!"

"Kai! Bàbá Fathiat, jọ̀ọ́, pa á."

Ó yọ ọ́ nínú iná, ó já agolo yẹn kúrò lára irin, ó ní ó ti kú.

Ibi tí Màmá ti ń ṣe àlùwàlá ni wọ́n ti gbọ́ ariwo. Wọ́n jáde, búta lọ́wọ́, omi ń kán ní ìgbọ̀nwọ́ wọn, ẹsẹ̀ lásán.

"Kí ló dún yẹn?"

"Ohun tó máa tan ààrò yín ni, Màmá."

"Gbé e wá kí n rí i. Ojú mi ò dé ọ̀hún."

Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ wa nílé. A kì í na ọwọ́ kan ṣoṣo sí ìyá ẹni. Ọkọ mi lóṣòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé agolo náà, etí irin méjèèjì tó yọ lórí ẹ̀ dojú kọ Màmá. Màmá gbé búta sílẹ̀, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì tó tutù láti gbà á.

Ìgbà yẹn gan-an ni Àǹtí wọlé. Mo rò pé wọ́n máa kígbe. Wọn ò kígbe. Ohùn wọn lọ sílẹ̀ bíi ti ẹni tó rí ejò lábẹ́ ẹní ọmọ.

"Ibraheem, má mira. Má fún wọn. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó ọwọ́ yín sẹ́yìn."

"Èmi? Bí ọmọ tó jí ẹran? Ìwọ Làtífátù!"

"Màmá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Iná ṣì wà nínú ẹ̀."

"Iná wo? Mo ti yọ ọ́," ọkọ mi ní.

Màmá ò ká ọwọ́ kò. "Ọmọ mi ló ń fún mi ní nǹkan."

Ìka wọn ti fẹ́ẹ̀ kàn án. N ò mọ ẹni tó fún mi láyà: mo di ìró ìyá ọkọ mi mú látẹ̀yìn, mo fà á! Màmá fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ sára mi. Àǹtí ní kí Ibraheem rọra gbé agolo sílẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀. Àǹtí mú sukudiráfà onírọ́bà, wọ́n fi ọwọ́ kejì sẹ́yìn ara wọn, wọ́n fi irin ẹ̀ kan etí agolo méjèèjì pọ̀.

GBÀÀÀ!

Fathiat figbe ta. Màmá jókòó sílẹ̀ pẹ̀lẹ́. Ẹnu sukudiráfà ti jẹ bí ẹni tí eku ṣe lálejò.

"Láti ọwọ́ kan sí ọwọ́ kejì ni ì bá gbà," Àǹtí ní. "Àyà ló sì wà láàárín."

Màmá wo ọwọ́ wọn. "Subhanallahi. Ibraheem, ṣé o ti ra aṣọ òkú mi ni?"

"Màmá, ẹ̀kọ́ ilé ni mo rò pé mò ń tẹ̀ lé."

Lẹ́yìn ìrun, Àǹtí tú ọ̀rá tí wọ́n gbé tọjà dé. Kọ́ìlì rèé, púlọ́ọ̀gì tó máa ń ta iná lẹ́nu, tí tánganran ẹ̀ ò sán, wáyà tí rọ́bà ẹ̀ ki, torí wọ́n ti dá wáyà gbígbó tí aláte kọ́kọ́ kó fún wọn padà. Wọ́n ki púlọ́ọ̀gì bọ ààrò, wọ́n so kọ́ìlì mọ́ bátìrì, bọ́tìnì oníke ni wọ́n kàn mọ́ ògiri, jìnnà sí ààrò. Oòrùn ti ń wọ̀. Màmá ti kó ìṣáná sí abíyá.

"Ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ tó ṣí gáàsì," Àǹtí ní.

Ẹ̀rù ti wá ń ba Màmá. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Kò sí nǹkan. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Pábó. Ọkọ mi ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín, kò sì rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ Màmá ń lọ sí abíyá.

"Ẹ dúró, ẹnu ẹ̀ ló ya jù." Àǹtí yọ wáyà bátìrì, wọ́n fi ẹ̀mú tẹ ẹnu púlọ́ọ̀gì súnmọ́ra, wọ́n dá wáyà padà. "Ó yá, Màmá."

Ta-ta-ta-ta! Iná aláwọ̀ aró kékeré ń fò nínú òkùnkùn ààrò.

"Ẹ ṣí gáàsì."

Fùù. Ó ràn yíká láìbẹ́, láìké, bí ẹni tó tẹ́ ẹní. Màmá ṣì di ògiri mú. Wọ́n pa á, wọ́n tún fúnra wọn tàn án. Ni wọ́n bá sọ ìṣáná sọ́wọ́ mi.

"Gba nǹkan yìí, máa lò ó ní ilé ìdáná. Ìyá Fathiat, kí lò ń wò? Gbé ìyẹ̀fun wá, ààrò ti ń gbóná."