Ẹṣin Tó Wu Ìyá Àgbà

Ìyá àgbà ti fi àtàǹpàkò gbé ètè ẹṣin náà sókè kí n tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ẹṣin náà fẹ́ èémí gbígbóná sí mi lórí, òórùn koríko tútù àti òógùn gba imú mi, ìyá àgbà sì ní kí n wá wo eyín. Mo wò ó. Eyín náà funfun, wọ́n kéré, wọ́n tò dáadáa. Mo ní ó dára. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ó dára lóòótọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n eyín tó ṣì máa ká ni. Irú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ká lẹ́nu ùwọ náà."

Ìyá bàbá mi ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ló lò ní Ìbàdàn, níbi tí bàbá àgbà ti ń tọ́jú ẹṣin àwọn tó ń gbá pólò. Bàbá àgbà ni wọ́n gbà síṣẹ́, àmọ́ àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń ṣe é: òun ló ń po èérí ọkà bàbà fún wọn, òun ló ń fọ ẹsẹ̀ wọn tí wọ́n bá ti pápá dé, òun náà ló sì ń jí lóru wò wọ́n tí inú bá ń run ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tí bàbá àgbà kú, ó padà sí Èmùré, sí agbo ilé ọkọ rẹ̀, ó ń gbin ẹ̀gẹ́, ó ń sá kòkó, kò sì sí ẹṣin kankan mọ́. Bí àwọn ìyá mìíràn ṣe ń sọ̀rọ̀ ọmọ wọn tó wà lókè òkun ni òun ń sọ̀rọ̀ ẹṣin. Èmi tí mi ò fojú rí ẹṣin rí àfi nínú ìwé, ìbéèrè ni mo máa ń da bò ó. Ṣé òótọ́ ni pé ó ń sùn lórí ìdúró? Ṣé ó mọ orúkọ ara rẹ̀? Ṣé ó máa ń bínú? Ọ̀rọ̀ mi máa ń sú gbogbo ilé, kò sú òun rí.

Àbúrò bàbá àgbà kan wà tí àwa ọmọdé ń pè ní Bàbá Èkó, torí pé Èkó ló ń gbé. Oyè ìdílé wa kàn án, ó sì fẹ́ gun ẹṣin yí ìlú ká lọ́jọ́ tó bá ń joyè. Ẹlẹ́ṣin kan láti apá Ìlọrin fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé ọ̀dọ́ ẹṣin yìí wá, pupa ni, ó ní àmì funfun níwájú orí. Bàbá Èkó ní kí ìyá àgbà yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá ti fọwọ́ sí i, ẹṣin náà ni òun máa gùn, tí òun bá sì padà sí Èkó, ẹ̀yìnkùlé wa ló máa wà, lọ́wọ́ ìyá àgbà. Ìdùnnú ò jẹ́ kí ìyá àgbà sùn dáadáa láti ìgbà tó ti gbọ́. Ó ti gbá ilé ewúrẹ́ àtijọ́ mọ́, ó ti gé koríko jọ gègèrè, ó ń kọrin nídìí ààrò.

Síbẹ̀, nígbà tí ẹṣin náà dé, ìyá àgbà kò sáré lọ bá a. Ó gbé àpótí síbi tí a sá kòkó sí, ó jókòó, ó ń wò ó lọ́ọ̀ọ́kán. Mo bi í pé kí ló ń dúró dè. Ó ní ẹni tó bá tètè súnmọ́ ẹṣin, irun rẹ̀ ni yóò rí, kò ní rí ìdúró rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà tó ti wò ó tó ló tó dìde lọ wo eyín. Ó wá so òkúta mọ́ okùn, ó fi kọ́ èjìká ẹṣin náà kí n lè rí i bí ẹsẹ̀ ṣe lọ gbọọrọ láti òkè dé pátákò. Ó da omi sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ó ní kí ẹlẹ́ṣin fà á gba ibẹ̀ kọjá, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ipa ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tẹ ilẹ̀ kọjá ibi tí ti iwájú ti tẹ̀. Mo béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ní ẹṣin tó bá ń gbẹ́sẹ̀ báyìí, tí èjìká rẹ̀ dà sẹ́yìn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò gùn jù, tí ìdí rẹ̀ sì le, eré sísá ni Ọlọ́run dá a fún. Ti olóyè yàtọ̀: kó fẹ̀ láyà, kó rọra máa rìn, kó gbọ́ ìró ìbọn kó má fò.

"Ẹṣin kẹ́ṣin ló ní uṣẹ́ tirẹ̀," ó ní. "Ùwọ ṣáà kọ́kọ́ bi í pé uṣẹ́ kí ni."

Ó mú ìdérí ìkòkò, ó jù ú sílẹ̀ lẹ́yìn ẹṣin náà. Gbàùn. Ẹṣin fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn tó dúró sún sẹ́yìn. Kò pẹ́, ó yíjú padà, ó na ọrùn, ó sì wá ń gbóòórùn ìdérí náà. Ìyá àgbà wò mí, ó ní èyí fẹ́ mọ nǹkan bíi tèmi, ohun tó bá sì fẹ́ mọ nǹkan ṣeé kọ́. Inú mi dùn débi pé mo ti ń ronú orúkọ tí màá sọ ẹṣin wa.

Ìgbà yẹn ló fọwọ́ kan orúnkún. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó pè mí, ó fi ìka mi síbì kan lókè orúnkún náà díẹ̀. Ibẹ̀ wú, kòtò tóóró kan sì wà níbẹ̀ tí ìka mi wọ̀. Ó ní eegun ibẹ̀ kò tíì pa pọ̀. Bí ẹni tó wúwo bá gùn ún báyìí, orúnkún náà lè tẹ̀, kò sì ní tọ́ mọ́. Mo wo Bàbá Èkó. Ara Bàbá Èkó kì í ṣe kékeré rárá. Bó bá jókòó sórí àga wa, àga á ké.

Ìyàwó ilé ni ìyá àgbà nínú agbo ilé náà, ọkọ ni Bàbá Èkó jẹ́ sí i bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá àgbà ló dàgbà jù. Ó kúnlẹ̀ kó tó sọ fún un pé ẹṣin náà kò ní lè gbé e, ó ku bí ọdún méjì kó tó lè gbé àgbàlagbà. Ẹṣin náà wu Bàbá Èkó, gbogbo ìlú sì ti rí i.

"Ìyá, ọjọ́ kan péré ni," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká mánéèjì rẹ̀."

"Ọkọ mi," ìyá àgbà dáhùn lórí ìkúnlẹ̀, "ọjọ́ kan náà ni eegun ń dá."

Bàbá Èkó wọlé, inú rẹ̀ kò dùn. Ìyá àgbà lọ bá ẹlẹ́ṣin, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kó dàgbà, kó sì wá ẹni tó fúyẹ́ tí yóò máa fi sáré. Ẹṣin àgbà kan tí wọ́n yá fún ọjọ́ kan ni Bàbá Èkó padà gùn joyè. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n ti dá ẹṣin àgbà náà padà.

Àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé ọ̀dọ́ ẹṣin yẹn padà sínú ọkọ̀ ni mi ò lè gbàgbé. Mo sunkún títí ohùn mi fi há. Mo bá ìyá àgbà lẹ́yìnkùlé, ó ń pín koríko tó gé jọ fún àwọn ewúrẹ́. Mo fi ìbínú bi í pé ṣé ẹṣin náà kò wù ú ni. Ó yíjú sí mi, omi ti kún ojú rẹ̀.

"Ó wù mí ju bó ṣe wu ùwọ lọ," ó ní. "Wọn ò bi mí pé ṣé ó wù mí. Wọ́n bi mí pé ṣé ó lè gbé e."

Olùkọ́ ni mí ní Ìkẹ́rẹ́ báyìí. Bí ọdún ẹ̀kọ́ tuntun bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn òbí máa ń mú ọmọ wá pé ká fò ó kọjá kíláàsì kan, pé orí rẹ̀ pé, pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Èkó ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Láìpẹ́ yìí ni bàbá kan mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá, pé kó fo kíláàsì kan wọ tèmi. Ọmọ náà kàwé fún mi láìkọsẹ̀, ó wá ń bi mí pé ta ló kọ́kọ́ kọ ìwé, kí ló dé tí a kì í kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Mo wo apá tín-ín-rín tó fi gbé báàgì, mo wo bó ṣe di ìka bàbá rẹ̀ mú nígbà tí àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pariwo kọjá. Ó pẹ́ tí mo ti ń wá irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ó wù mí gan-an. Mo ní kí wọ́n mú un padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.